AJ Styles àti Omos: Ìtàn Ẹgbẹ́ Oníjàkadì Ẹlẹ́ni-Méjì Kan

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì rí ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn: "Irọ́ ni wọ́n ń pa, wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Òótọ́ ni pé wọ́n ti jọ sọ ọ́. Ẹni tí yóò borí ti mọ̀ kó tó jáde, ẹni tí wọ́n máa dá náà ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Èjìgbò ni mí, Èjìgbò ti Ọ̀ṣun, kì í ṣe ti Èkó. Ìlú wa ní ìjà kan tí gbogbo ará ìlú ti fẹnu kò lé lórí láti ayébáyé, mi ò sì tíì rí ẹni tó jẹ pàṣán níbẹ̀ tó sọ pé irọ́ ni. Ojú yẹn ni mo fi ń wo ìjàkadì, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi fi wo ẹgbẹ́ oníjàkadì kan: AJ Styles, ará Amẹ́ríkà, àti Omos, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Tolulope Omogbehin, tí wọ́n bí sí ìlú Èkó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò nílẹ̀, nítorí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá la wà. Ìjàkadì wà nínú èdè wa, gídígbò wà, ẹkẹ náà wà. Àwọn ará Ọ̀fà tilẹ̀ ka ìjàkadì mọ́ orò ìlú wọn, ó sì wà nínú oríkì wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan sí ẹnì kan ni gbogbo ìwọ̀nyí. Bí ẹ̀yìn ẹni bá ti kanlẹ̀, wọ́n ti dá a nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn tó máa wọlé wá gbà á sílẹ̀. Ìdí rèé tí mi ò fi rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó bá ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní tag team mu, tí mo fi ń pè é ní ìjàkadì ẹlẹ́ni-méjì. Ní Èjìgbò, àwọn ọmọ tí òbí wọn kó wálé láti Àbíjàǹ kì í dààmú ara wọn lórí èyí rárá. Catch ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pè é, wọ́n á sì máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀ lórí yanrìn títí ìyá ẹnì kan á fi yọ sí wọn.

Bí wọ́n ṣe ń jà á kò le. Ẹgbẹ́ méjì ló ń pàdé, ẹni méjì méjì. Ẹnì kan péré ló gbọ́dọ̀ wà nínú ríǹgì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìkejì rẹ̀ á dúró sí igun tiwọn lẹ́yìn okùn, á sì di okùn kékeré kan tí wọ́n so mọ́ igun náà mú. Kò gbọdọ̀ wọlé àfi tí ẹni tó ń jà bá fọwọ́ kàn án tí rẹfirí sì rí i. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀, rẹfirí á ka iye márùn-ún kí ẹni tó ń jáde tó kúrò. Ẹni tí wọ́n bá tẹ èjìká rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ títí rẹfirí fi ka mẹ́ta ti pàdánù fún ara rẹ̀ àti fún ìkejì rẹ̀.

Òfin kékeré yìí ló bí gbogbo ìtàn tí ìjà náà ń sọ. Wọ́n á ká ẹnì kan mọ́ igun àwọn alátakò, wọ́n á lù ú, wọ́n á sì fà á lẹ́sẹ̀ padà nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tọ́ ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn okùn á na ọwọ́, ọwọ́ ò ní tó. Àwọn èrò á máa pariwo. Nígbà tí ọwọ́ bá wá kan ọwọ́, ẹni tí kò tíì rẹ̀ á wọlé, á sì gbá ilẹ̀ mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó wọlé yìí kò nílò láti mọ ìjà púpọ̀. Ẹni tó ti ń jẹ ìyà láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ náà. Ó ti ṣe é débi pé bí ìkejì rẹ̀ bá kàn ju ọwọ́ kan, gbogbo pápá ló máa mì. Ibí yìí gan-an ni ìtàn Styles àti Omos dúró lé.

Allen Neal Jones ni orúkọ tí wọ́n sọ Styles. Ìpínlẹ̀ North Carolina ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1977, ìlú Gainesville ní Georgia ló sì dàgbà sí. Bí ẹ bá rí i lójú títì, ẹ ò ní ya ọrùn wò ó. Kò ga, kò sì sanra. Nígbà tí ilé iṣẹ́ TNA bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ó wà lára àwọn tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ gba bẹ́líìtì tí wọ́n ń pè ní X Division. Ó lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Ní 2014 ó kọjá sí Japan, níbi tó ti di olórí ẹgbẹ́ Bullet Club. Oṣù kìíní ọdún 2016 ló wọ WWE, kí ọdún náà sì tó parí, bẹ́líìtì àgbà ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti wà ní ìbàdí rẹ̀. Nígbà tó fi máa pàdé Omos, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fi ara rẹ̀ ṣánlẹ̀ jẹun.

Nítorí ọ̀rọ̀ "irọ́" yẹn, ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Japan. Styles ní ọ̀nà kan tó máa ń gbà parí ìjà, Styles Clash lorúkọ rẹ̀. Á da alátakò rẹ̀ dorí kodò, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ há apá rẹ̀, á wá bá a ṣubú síwájú. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ oníjàkadì ni pé bó bá ń ṣubú, kó gba àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà gbálẹ̀. Nínú Styles Clash, òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kéèyàn ṣe: orí gbọ́dọ̀ wà lókè, kí àyà àti ojú jọ balẹ̀. Ẹni tó bá gba àgbọ̀n mọ́ àyà gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ́ ọn lára, ọrùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún Yoshi Tatsu, ọmọ Japan: egungun ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn méjèèjì ti mọ bí ìjà náà ṣe máa parí. Mímọ̀ yẹn ò gba ọrùn ẹnikẹ́ni là. Ohun tó ń gbà á là ni kí ẹni tó gbéni mọ bó ṣe máa gbéni, kí ẹni tí wọ́n gbé sì mọ bó ṣe máa ṣubú.

Ẹ wá fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń bọ̀ sórí Omos. Ọdún 1994 ni wọ́n bí i. Bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ló kọ́kọ́ gbé e kiri ní Amẹ́ríkà. Ó gbá a ní University of South Florida, ó sì tún gbá a ní Morgan State. Ọdún 2018 ni WWE gbà á sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníjàkadì tuntun. Ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 3 ni wọ́n máa ń kéde pé ó ga. Ẹni tó bá ga tó báyìí kò lè fara pamọ́ kọ́ṣẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kúkurú lè ṣàṣìṣe nínú gbọ̀ngàn kékeré fún ọdún márùn-ún láìsí ẹni tó máa rántí rẹ̀. Òmìrán, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ yọ ni gbogbo ayé máa ní kó ṣe bí òmìrán.

Orúkọ rẹ̀ náà dùn mí díẹ̀. Omogbehin, bí etí mi ṣe gbọ́ ọ, Ọmọgbẹ̀hìn ni: ọmọ ni yóò kẹ́yìn òbí rẹ̀. Orúkọ tó ní àdúrà nínú ni. Wọ́n gé e kù sí Omos. Létí Yorùbá, ṣe ló dà bí ẹni mú "ọmọ" tó wá fi s òyìnbó kún un kó lè di púpọ̀. Mo mọ̀ pé ìṣòwò ni, ahọ́n ẹni tó ń kéde sì gbọ́dọ̀ lè gbé e. Síbẹ̀, àwọn bàbá wa ò gbàgbé Power Mike, Michael Okpala, ẹni tí orúkọ ìjà rẹ̀ fi Mike tirẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà lé àwọn òǹwòran kúrò nínú gbọ̀ngàn, WWE mú Omos jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ bojú rẹ̀, wọ́n tún fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ló fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Styles gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Fún bí oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ jù ni kó dúró. Styles á máa sọ̀rọ̀ ṣakaṣaka, òun á dúró sẹ́yìn bí ìrókò. Mo mọ àwọn tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Èmi rò pé ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: kí ojú èrò mọ́ ọn lára kó tó ja ìjà kankan lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni ìjà ọ̀hún wá dé. WrestleMania 37 ni, ní pápá Raymond James ní ìlú Tampa, ìpínlẹ̀ Florida. Ó ti lé lọ́dún kan tí WWE ti ń jà níwájú àga òfìfo. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn èrò kọ́kọ́ padà wá jókòó. Òjò tilẹ̀ rọ̀ tí wọ́n fi ní láti dúró kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó di bẹ́líìtì ẹlẹ́ni-méjì ti Raw mú ni The New Day, ìyẹn Kofi Kingston àti Xavier Woods. Omos kò tíì ja ìjà kankan lórí tẹlifíṣọ̀n WWE títí di ọjọ́ náà. Àkọ́jà rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, ní pápá tó tóbi jù, fún bẹ́líìtì.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi òfin okùn kékeré yẹn ṣiṣẹ́. The New Day ká Styles mọ́ igun tiwọn, wọn ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ Omos. Gbogbo ohun tó nílò ìmọ̀, eré sísá, títa kiti, bíbọ́ lórí okùn, Styles ló ṣe é pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Omos dúró lẹ́yìn okùn, ó na ọwọ́. Nígbà tí ọwọ́ kan ọwọ́, ó wọlé, ó ń ju wọ́n kiri bí ẹni ń ju ẹ̀wù. Styles gun èjìká rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ fò lu Woods. Omos gbé Kofi sókè, ó gbé e ṣánlẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ àyà rẹ̀, rẹfirí sì ka mẹ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dé ìdí iṣẹ́ lánàá di ẹlẹ́bẹ́líìtì. Ti Styles náà ò kéré: bẹ́líìtì yìí ló kù kó tó gba gbogbo èyí tí WWE ń kà mọ́ Grand Slam.

Èyí tó wù mí jù nínú ìjà náà kì í ṣe Omos, kì í sì í ṣe Styles. Kofi ni. Orílẹ̀-èdè Ghana ni wọ́n bí Kofi sí ní 1981, Sarkodie-Mensah sì ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Nígbà tó dé WWE, wọ́n ní kó máa pe ara rẹ̀ ní ará Jàmáíkà, ó sì ń fi ohùn ibẹ̀ sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi jẹ́ kó di ará Ghana padà. Ní ọdún 2019 ló di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tó gba bẹ́líìtì àgbà WWE. Ọmọ Ghana àti ọmọ Èkó wá pàdé ní Tampa, ọ̀gá sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ rántí ọrùn Yoshi Tatsu. Styles tó mọ iṣẹ́ yìí bí ẹni mọ owó ló gbé ti ìyẹn. Omos kò tíì gbé ẹnikẹ́ni báyìí rí nínú ìjà tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n WWE, àtòkè ara rẹ̀ sílẹ̀ sì jìn. Olùkọ́ mẹ́ta ló wà nínú ríǹgì lọ́jọ́ yẹn fún akẹ́kọ̀ọ́ kan. Méjì nínú wọn ń jẹ́ alátakò.

Ibi tí mo ti ń ronú kan Èjìgbò nìyí. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbà UNIOSUN tó wà ní ìlú wa lè ti gbọ́ nípa ọdún Òrìṣà Ògìyán, òrìṣà tó fẹ́ràn iyán. Lọ́jọ́ ọdún náà, ìlú máa ń pín sí méjì, Ìsàlẹ̀ Òṣòlò àti Òkè Màpó, wọ́n á sì fi àtòrì na ara wọn. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé Akínjọlé, tó tẹ ìlú dó láti Ifẹ̀, ní babaláwo kan lọ́rẹ̀ẹ́. Babaláwo náà rìnrìn àjò, nígbà tó sì dé, ó fi orúkọ àpọ́nlé ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ béèrè ọba, ó ní ajẹyán ńkọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ka èyí sí àfojúdi, wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé. Òjò kọ̀, obìnrin ò bí mọ́, koríko ò sí fún ẹṣin ọba, títí ọba fi mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ló wà látìmọ́lé. Wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí àwọn ará ìlú máa na ara wọn lọ́dọọdún. Pierre Verger, òyìnbó Faransé tó gbé láàárín wa àti ní Brazil, kọ ìtàn yìí sínú ìwé rẹ̀ Orixás tó jáde ní 1981, títí di òní sì ni àwọn ẹlẹ́sìn ní Bahia ń mú àtòrì jáde fún Oxaguiã, tí í ṣe Ògìyán tiwa.

Kò sí ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ìjà máa wà, ẹni tí òun máa bá jà, àti pé ìjà náà máa parí. Àtòrì sì ń dunni. Ẹni tó wà ní ìhà kejì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Lọ́la ẹ jọ máa jẹ iyán. Nítorí pé ẹ jọ máa jẹ ẹ́, ó ní ibi tí wọ́n ń nà, ó sì ní ibi tí wọn kì í nà. Ohun tí ẹni méjì fi ohùn ṣọ̀kan ṣe kò di irọ́ nítorí ìfohùnṣọ̀kan. Òun gan-an ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti ṣe é lọ́dọọdún láìpa ara ẹni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wa. Ọjọ́ 133 ni bẹ́líìtì fi wà lọ́wọ́ Styles àti Omos. Ní oṣù keje wọ́n borí The Viking Raiders ní Fort Worth, ìlànà kan náà: Styles jà, Omos parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ní Las Vegas, Randy Orton àti Riddle gba bẹ́líìtì náà. Àwọn alátakò ti mọ ọgbọ́n ẹgbẹ́ yìí nígbà náà: má ṣe bá Omos jà, Styles ni kí o mú. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún èrò, èyí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà kan pẹ̀lú Rey Mysterio àti Dominik ọmọ rẹ̀, ẹgbẹ́ náà tú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 2022, Omos na Styles nínú ìjà àdájà. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ tún dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó máa lọ, nítorí iṣẹ́ ni pípàdánù fún ẹni náà.

Ní tèmi, wọ́n tú u ká ní kánmọ́kánmọ́. Ẹgbẹ́ tó gba bẹ́líìtì ní oṣù kẹrin kò pé ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Omos sílẹ̀ láti máa dá jà. Ní WrestleMania 38 Bobby Lashley na án, lẹ́yìn náà ni MVP di agbẹnusọ rẹ̀, ní WrestleMania 39, ọdún 2023, Brock Lesnar gbé e sórí èjìká, ó sì gbé e ṣánlẹ̀. Àwọn ènìyàn wá ń sọ pé ó lọ́ra, pé ó tètè ń rẹ̀ ẹ́. Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀. Ohun tí igun ríǹgì ti ń bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n bá gba ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gba ìyọ̀ǹda, ojú ọjà ló máa ń wà nígbà tí àléébù rẹ̀ bá hàn.

Ibi tí wọ́n tún ti gbé bẹ́líìtì lé e lọ́wọ́ ni Japan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, nínú Nippon Budokan ní Tokyo, òun àti Jack Morris gba bẹ́líìtì GHC ti àwọn ẹlẹ́ni-méjì ní ilé iṣẹ́ NOAH lọ́wọ́ àwọn àgbà méjì, Naomichi Marufuji àti Takashi Sugiura. Ẹ̀yin náà rí i: ẹni méjì ni, Morris sì ń sáré.

Bí ẹ bá fẹ́ wá ìjà Tampa yẹn wò, ẹ má fi ojú sí òmìrán nìkan. Ẹ wo ẹsẹ̀ Kofi nígbà tí Omos ń gbé e sókè: òun fúnra rẹ̀ ló fò. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ wo Styles ní gbogbo ìgbà tó wà nílẹ̀ ní igun àwọn alátakò, tó na ọwọ́ sí Omos, tí ó sì ń rí i dájú pé ọwọ́ náà ò tíì tó o.